Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, àwọn àgbà ní ó ju èje lọ. Oníkánjú kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bà lónìí ló kà sí. Bẹ́ẹ̀, orí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìgbàgbọ́ Kristẹni dúró lé. Kì í ṣe pé ó lòdì kí nǹkan wu èèyàn. Ebi tó pa Ésáù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọdẹ tó ti inú ìgbẹ́ bọ̀ ni. Iye tó san lórí àwo ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ogún àkọ́bí rẹ̀, ló ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà nílùú Ìlọrin, tó gba Àjàṣẹ́ Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ọ̀nà Odò-Ọ̀wá ló ń tọ̀ yẹn. Odò-Ọ̀wá ni wọ́n ti bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó yan ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ní 1904. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run nítòsí Ìkéjì-Arákeji ní oṣù October 1928. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ òyìnbó, ẹbí rẹ̀ á máa fi yangàn. Babalọlá fiṣẹ́ náà sílẹ̀, ìdẹ̀ra kọ́ ló sì bá lọ́hùn-ún: ní 1932 ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Bìní. Ṣùgbọ́n ìsọjí tó ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930 wà lára ohun tó bí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC). Ó ti kú láti 1959, ìjọ náà kò kú. Owó oṣù ọdún 1928 ńkọ́? Ta ló tún ń bèèrè rẹ̀?

Ẹnìkan lè ní wòlíì nìyẹn, awakọ̀ tó lọ́mọ mẹ́rin nílé ńkọ́? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kó fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá ń pàgọ́ tà. Ohun tí à ń sọ kéré ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ ti kún, agbèrò ń pariwo, èrò kan fowó lélẹ̀, ó sì bọ́lẹ̀ ní Òmù-Àrán láìrántí sẹ́ńjì rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Awakọ̀ rántí, ó dákẹ́. Owó yẹn, bóyá ló fi lè ra oúnjẹ àjẹyó. Ohun tó fi pààrọ̀ rẹ̀ ni ìgboyà tó fi ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárọ̀.

Àtakò kejì le ju èyí lọ: àwọn tó ń wàásù ọ̀run fún wa ń jayé orí wọn. Kò ṣeé sẹ́, ó sì ń dunni. Àmọ́ ẹlẹ́rìí wa ni irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀. Jésù ti sọ nípa àwọn tó ń gbàdúrà ní ìkòríta kí èèyàn lè rí wọn pé wọ́n ti gbèrè wọn tán. Bí ẹnìkan bá fi ọrẹ ìjọ jayé, kò sọ ọ̀run di irọ́. Ó kàn ti gba tirẹ̀ síbí ni.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìdánwò bá dé kí ẹ tó pinnu, nítorí ojú kì í dá níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ kò ní tà. Ẹni tí tẹ́tẹ́ ń fà, kó kówó ọjọ́ fún alájọ kó tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Ẹni tí paraga ń fà, kó jẹun yó nílé, kó má sì jókòó ti ẹni tó ń tà á. Bí owó èrò bá sì wà lápò yín, ẹ má wulẹ̀ gbààwẹ̀ lé e lórí. Èrò Òmù-Àrán yẹn ṣì ń bọ̀ wá wọkọ̀; ẹ fún un ní sẹ́ńjì rẹ̀.