Ẹ̀kọ́ Wa T'Oṣù Yìí: Ohun tí Kónílé-ó-gbélé Fi Sí Ara Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Orí owó ni ẹ̀kọ́ wa sábà máa ń dá lé. L'óṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ rí owó náà. Ìlera ṣáà l'oògùn ọrọ̀.

1. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ ó rántí pé ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà hàn ní Nàìjíríà. Àlejò tí ó ti Ítálì wá ni, ó sì ti dé Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ifọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta, Ààrẹ Buhari pàṣẹ kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà n'ílé. Ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ gan-an l'ọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin. Àwọn ọmọ yunifásítì ìjọba l'ó pẹ́ n'ílé jù, nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ wọn kò parí títí di oṣù Kejìlá.

2. Ohun mẹ́ta tí ó yí padà

Ìrìn: Ẹni tí ó ń gbé Mowe tàbí Ibafo, tí ó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìdájí l'ó ń jí. Á rìn dé ibùdókọ̀, á sáré lé mọ́tò. Kò pe ìyẹn ní eré ìdárayá, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ẹni tí ń ru ẹrù l'ọ́jà Ifọ̀ náà ń ṣe é. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìjókòó: Ibi tí ìrìn fi sílẹ̀, ìjókòó l'ó gbà á. Bí a bá jókòó pẹ́, iṣan ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ara kò lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn á sì máa dun ni.

Oorun: Ara ní aago tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ l'ó sì ń tò ó. Ẹni tí kò jáde l'áàárọ̀, tí ó sùn l'ọ́sàn-án, tí ó tún tẹjú mọ́ fóònù di aago méjì òru, ó ti da aago náà rú. Ìbẹ̀rù olè tún wà ńbẹ̀. L'óṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ní agbègbè Ifọ̀ àti Ọ̀tà fi òru ṣọ́ àdúgbò, wọ́n dáná sí ojú títì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra wọn. Ẹni tí kò rìn, kì í rẹ̀ ẹ́ tó láti sùn. Ẹni tí kò sùn, kò ní agbára láti rìn.

3. Kí l'ó kàn wá?

L'óṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Àrùn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà rẹ̀ lè kù s'ílé. Ẹ wo ọ̀dọ́ tí ó jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù l'ọ́wọ́. Ẹni tí kò sùn á ṣi ṣéńjì kà, á kanra mọ́ oníbàárà. Awakọ̀ tí ó ń tòògbé l'ọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ewu ni fún gbogbo èrò. Bó bá pẹ́ títí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹni tí ó yáwó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, oníduùró rẹ̀ l'a ó wò lójú.

4. Ohun tí a lè ṣe

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ l'ọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 dárayá l'ọ́sẹ̀. Bí a bá fẹsẹ̀ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 l'ọ́jọ́ márùn-ún, 150 ti pé. Kò gba kọ́bọ̀. Ní ìsọ̀, ẹ máa dìde lóòrèkóòrè, ẹ gbálẹ̀, ẹ to ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ sùn fún wákàtí 7 sí 9, kí fóònù má bá wọn dé orí ẹní.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
(a) Wákàtí mélòó ni o fi jókòó l'ánàá?
(b) Aago mélòó ni àwọn ọmọ ilé rẹ ń sùn?
(d) Kí ni ẹgbẹ́ wa lè jọ ṣe sí i?

Ẹ jọ jíròrò rẹ̀ kí a tó dá owó. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò jẹ èrè àjẹṣẹ́kù rẹ̀.