Bí A Ò Ṣe Ní Jẹ́ Kí Èkúté Wọ Bàálù Kékeré Tó Wà Lórí Ìdúró

  Olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo ní èkúté inú bàálù ni màá kọ, gbogbo kíláàsì ló bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ní táàmù tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, ara ọmọ JSS2 kan gbóná gidi gan-an ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Bọ́ọ̀sì wà, epo wà nínú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà wà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kọ̀, kò ṣíná. Kẹ̀kẹ́ NAPEP ni wọ́n wá kiri ìta kí wọ́n tó rí i gbé ọmọ náà dé ọsibítù. Ara rẹ̀ ti yá, a dúpẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì, ìtẹ́ èkúté ló bá níbẹ̀: bébà, òwú fóòmù, pẹ̀lú wáyà méjì tí wọ́n ti jẹ já. Gbogbo ìsinmi gígùn ni bọ́ọ̀sì yẹn fi wà lójú kan.

Mo sọ ọ́ nílé fún àbúrò bàbá mi tí a máa ń pè ní Dádì Zaria. Ó kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ní Nigerian College of Aviation Technology ní Zaria, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń tún un ṣe. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, “Mọ́tò tiyín kú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá kẹ̀kẹ́. Bí tiwa bá kú lókè, ibo la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ bàálù tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Minna, tó wà ní Maikunkele níbí nínú ìjọba ìbílẹ̀ Bosso wa (èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí ti Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní 2024), ó máa ń padà wá sí mi lọ́kàn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí ẹgbẹ́ Yorùbá la jẹ́. Eku ni orúkọ gbogbogbòò, pàápàá èyí tó ń gbé inú igbó tí àwọn kan ń pa jẹ. Èkúté ni ti inú ilé, olè inú kọ́bọ́ọ̀dù. Òun náà ló wà nínú orúkọ pàkúté, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: pa èkúté. Èyí tí mò ń sọ nínú bàálù, èkúté ni.

Kí ni èkúté ń wá nínú bàálù? Ilé ni. Bàálù kékeré, irú èyí tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́rin ń jókòó sí, ihò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú apá rẹ̀ ṣófo, inú ìrù rẹ̀ ṣófo, ẹ̀yìn páálí tó bo ògiri ibi ìjókòó ní fóòmù rírọ̀. Òjò ò dé ibẹ̀, ológbò ò dé ibẹ̀. Àgàgà nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ti kórè tán tí wọ́n sì ń dáná sun igbó, gbogbo eku oko á máa wá ibi tí wọn yóò sá sí. Bàálù tí wọ́n ń gbé fò lójoojúmọ́ kì í jẹ wọ́n níyà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo àti jìgìjìgì rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè tẹ́ ibùsùn. Èyí tó wà lórí ìdúró fún oṣù méjì ni wọ́n fẹ́.

Mo rò pé jíjẹ wáyà ni wàhálà ibẹ̀. Dádì Zaria ní ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ló ń ba àwọn lẹ́rù jù. Ẹ̀yin tó ń ṣe kẹ́mísírì, ẹ fetí sílẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, pẹlẹbẹ tín-ín-rín. Ohun tó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń yọ sára rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ìtọ̀ èkúté ní iyọ̀ àti àwọn kẹ́míkà mìíràn nínú. Bí ìtẹ́ tó rin gbingbin fún ìtọ̀ bá wà lórí rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, awọ yẹn á bà jẹ́, irin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra. Kì í dípẹtà pupa bí irin ṣíbí; ìyẹ̀fun funfun ló máa ń yọ. Láti ìta, ọ̀dà á ṣì máa dán. Inú apá ló ti ń tán lọ, apá tó gbé gbogbo yín dúró lókè!

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti páìpù kékeré tí wọ́n ń pè ní pitot. Ó máa ń yọ síwájú lábẹ́ apá. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí bàálù ṣe ń sáré tó. Bí nǹkan bá dí i, awakọ̀ á máa ka irọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 1996, bàálù ńlá Birgenair kan gbéra ní Puerto Plata ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, ó sì já sínú òkun. Ènìyàn 189 ló kú. Bàálù náà ti wà lórí ìdúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìbòrí lẹ́nu páìpù yẹn, àwọn olùwádìí sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló dí i. Agbọ́n nìyẹn, kì í ṣe èkúté, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tí a bá gbé kalẹ̀ tí a ò bò, ẹlòmíràn á rò pé wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún òun.

Kódà bí èkúté ò tíì jẹ nǹkan kan, rírí i lásán tó láti dá ìrìn-àjò dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, èkúté kan fò jáde nínú oúnjẹ obìnrin kan nínú bàálù SAS tó ń lọ láti Oslo sí Málaga. Copenhagen ni wọ́n sọ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, hámísítà 132, ìbátan èkúté, jáde nínú àgò nínú bàálù TAP tó lọ sí erékùṣù Azores. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń wá wọn níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí kí bàálù tó tún lè fò. (Ẹni tó fẹ́ kà wọ́n pé 132 yẹn, ẹ bá mi kí i.)

Báwo la ṣe wá ń dènà rẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ihò tí bíró bá lè wọ̀, èkúté kékeré lè wọ̀ ọ́. Bí orí bá ti kọjá, ara á tẹ̀lé e. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni wọ́n fi ń dí ihò, tàbí ìbòrí tí wọ́n ṣe fún un. Mo béèrè bóyá a lè lo súpọ́ńjì onírin tí a fi ń fọ ìkòkò. Dádì Zaria ní ó dára fún ògiri ilé, ṣùgbọ́n kí n má fi kan bàálù, nítorí á dípẹtà, á sì ran alumíníọ̀mù lọ́wọ́ láti jẹra. Ohun tí wọ́n bá sì fi dí ihò, wọ́n á so aṣọ pupa mọ́ ọn kí wọ́n má baà gbàgbé yọ ọ́ kí wọ́n tó fò.

Ọ̀nà tí èkúté ń gbà gun bàálù ò pọ̀: táyà ni, tàbí okùn tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan máa ń fi páànù dídán yí táyà kọ̀ọ̀kan ká bí agbada tí kò nídìí, tó ga ju ibi tí èkúté lè fò dé. Ọkọ̀ ojú omi náà ní irú ọgbọ́n yìí: àwo irin róbótó ni wọ́n ń fi sí okùn rẹ̀ ní èbúté. Wọ́n á gé koríko àyíká rẹ̀. Wọn ò ní fi bísíkíìtì tàbí ẹ̀pà kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Pàkúté, ìta ni wọ́n ń dẹ ẹ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí èkúté kì í fẹ́ràn àtigba àárín ilẹ̀ kọjá. Májèlé ò dáa níbẹ̀: á jẹ ẹ́ tán, á lọ kú sínú apá bàálù níbi tí ọwọ́ ò dé. Káńfọ̀ sì rèé, òórùn rẹ̀ á lé ènìyàn ju èkúté lọ.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté, tó dà bí wóró ìrẹsì dúdú, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Eku kan wà tó ń gbé àìsàn ibà Lassa kiri. Lassa, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku yẹn lè kó o ran ènìyàn, eruku rẹ̀ pàápàá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ da omi tí a pò mọ́ bílíìṣì lé e, ẹ jẹ́ kó rin, kí ẹ tó nù ún. 

Ní Sátidé tó kọjá, mo bẹ Bàbá Dẹ́rẹ́bà pé kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì wa fún mi. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ti di mẹkáníìkì?” Wọ́n ṣí i. Wáyà tuntun wà níbẹ̀, ó ń dán. Èèpo ẹ̀pà mẹ́ta sì wà lórí bátìrì.