Àjọ̀dún Ìwé Kíkà ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti àjọ̀dún ìwé kíkà, èyí tí a óò máa bá pàdé níbi gbogbo tí a bá rán wa lọ, ìbáà ṣe Agó-Ìwòyè tàbí àwọn ìletò etí omi ní Ogun Waterside. Láti ọdún 1967 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án káàkiri ayé. Ní ọdún 1995, àjọ UNESCO tún ya ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin sọ́tọ̀ fún ìwé. Ọjọ́ dáradára ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti rò.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a fi kíláàsì kejì lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọmọdébìnrin kan ní ojú-ìwé kan ṣoṣo. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo yàn, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni etí àwọn òbí ń fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ náà dìde, ó gbé ìwé sókè, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan dìde fún un ní owó. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí i pé ojú-ìwé tí ó ṣí kọ́ ni ó ń kà. N kò wí fún ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ gba ìyìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ gbólóhùn kan láti inú ẹ̀kọ́ náà sára pátákó. Ìwé sọ pé ajá lé ewúrẹ́. Èmi yí i padà, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ewúrẹ́ lé ajá. Ọmọ náà wò ó, ó sì ka ti inú ìwé fún mi láìṣe àṣìṣe, ó wá ń retí àtẹ́wọ́. Nígbà náà ni mo pa á rẹ́, mo kọ gbólóhùn kan náà ní Yorùbá. Ó fi ìka tọ́ ọ: e, wú, rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Lójijì ni ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ewúrẹ́ kì í lé ajá!”

Ẹ̀rín yìí ni mo pè ní ìwé kíkà.

Ohun tí mo rí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta; wọ́n tilẹ̀ ṣe dáradára jù wọ́n lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, bí èmi bá tún ṣe irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, òbí ni yóò ṣí ìwé níbi tí ó bá wù ú. Yorùbá ni a óò kọ́kọ́ kà, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọ má bàa fi igbá pe ìgbà. Bí ó bá kà á tán, kí a bi í ní ìbéèrè kan péré nípa ohun tí ó kà. Mo mọ̀ pé àtẹ́wọ́ yóò dínkù.

Mo sọ èyí fún olùkọ́ àgbà kan. Ó bi mí pé, “Bí ọmọ bá dúró níwájú bàbá rẹ̀ tí kò lè kà á ńkọ́?” N kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún wọn. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní in, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí.