Ìbéèrè Òǹkàwé: Báwo ni Láílọ́ọ̀nù Ṣe Ń Dáàbò Bo Ìpápánu Inú Rẹ̀?

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló máa ń ba ohun tí epo pọ̀ lára rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀pà sísun, ìpékeré àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú wà lára wọn: bí ọ́síjìn bá ti mú epo wọn, òórùn á yí padà, adùn á sì lọ. Èròjà tó ń dá iṣẹ́ ọ́síjìn yìí dúró ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè tán kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ.

Láílọ́ọ̀nù tó ń tú èròjà náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tí òǹkàwé béèrè nípa rẹ̀, ti wà tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń po BHT, tó jẹ́ irú antioxidant kan, mọ́ láílọ́ọ̀nù inú páálí kọnfíléèkì. BHT á máa fẹ́ kúrò lára láílọ́ọ̀nù, á lọ bà lé oúnjẹ, bí òórùn káńfọ̀ ṣe ń kún àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú nìkan ló ń gbà. Òmíràn ń bá ẹ̀yìn láílọ́ọ̀nù jáde, a jẹ́ pé òfò nìyẹn.

Èròjà a máa kúrò níbi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré. Adolf Fick, ọmọ Jámánì, ló kọ òfin ìrìn náà sílẹ̀ ní 1855. Èyí tó bá tóbi kì í tètè rìn. Ìdí nìyẹn tí fítámì E, tí òun náà jẹ́ antioxidant, fi ń pẹ́ nínú láílọ́ọ̀nù ju BHT lọ. Ooru ló wá le jù: láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣírò fún ṣọ́ọ̀bù tó tutù kò ní pẹ́ tán nínú ìsọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ni kí ìtújáde bá ìbàjẹ́ rìn pọ̀. Bó bá yá jù, èròjà á tán láìtọ́jọ́. Bó bá falẹ̀ jù, epo á ti bàjẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, àwọn kan ń ṣe láílọ́ọ̀nù onípele mẹ́ta: ti ìta ń dínà, ti àárín kó èròjà pamọ́, ti inú sì ń fà á sẹ́yìn kó má baà yára jù. Àwọn mìíràn ń há a sínú cyclodextrin, tí wọ́n ń ṣe láti ara sítáàṣì. Iná tún ń dá wọn láàmú, torí ooru tí wọ́n fi ń yọ́ ike lè ba èròjà náà jẹ́ kó tó dé ọjà.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin 450/2009 ló ń darí irú ìdì bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá tú sínú oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òfin gbà láàyè nínú oúnjẹ.

Láílọ́ọ̀nù yìí kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe o. Ìpékeré tí wọ́n fi epo àlòkù dín ti gba ìbàjẹ́ láti inú agbada. Kò sí èròjà tó lè dá adùn rẹ̀ padà.