Ẹ̀kọ́ 14: Aṣòfin Ni, Kì í Ṣe Ìyàwó Aṣòfin

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń dìbò, n kò ní tún un sọ. Ẹ mọ̀ pé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Benin wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú yín ni orúkọ tí a ń pe obìnrin tó bá wọlé ìbò.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọjà Gouka, ní Bantè wa níbí. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan bá a gbé báàgì. Kíá, a ti ń kí ọkùnrin: "Onorábù, ẹ káàbọ̀ o!" A wá yíjú sí obìnrin: "Ìyàwó Onorábù, ẹ kú ìrìn." Háà! Obìnrin yẹn gan-an la dìbò fún. Òun ni aṣòfin. Ọkọ rẹ̀ ló gbé báàgì.

Ọkùnrin tó wọlé, aṣòfin ni. Obìnrin tó wọlé, aṣòfin ni. Onorábù lọkùnrin, Onorábù lobìnrin. Nínú ìwé Faransé, ẹ lè rí "madame le député", ẹ sì lè rí "madame la députée". Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tó wọlé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni. Nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀, ìyàwó ni, kò burú. Ní ìpàdé ìlú, Onorábù ni.

Ẹlòmíràn á ní: "Olùkọ́, àga obìnrin ni wọ́n kúkú fún un." Òótọ́ ni. Òfin ìbò ọdún 2019 ya àga 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ẹyọ kan ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ìbò oṣù kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lò ó, táwọn aṣòfin fi di 109. Àwa Bantè, Savalou àti Dassa-Zoumè la jọ wà ní ẹkùn kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àga yẹn sì jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n aṣòfin obìnrin kì í ṣe aṣòfin àwọn obìnrin nìkan. Mo tún un wí: kì í ṣe aṣòfin àwọn obìnrin nìkan! Abala 80 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1990 ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún. Bàbá tí afárá oko rẹ̀ já lè kọ̀wé sí i. Tó bá sì jẹ́ "ìyàwó wa" ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún, n kò mọ irú èsì tó ń retí.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ kọ ìlà méjì sí aṣòfin obìnrin nípa ọ̀nà oko yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Sí Onorábù", kí orúkọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ "ìyàwó" síbì kankan, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ.