Bí Ọkọ̀ Ogun Kò Bá Sí Lójú Òkun

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí ni ó mọ̀ pé láti Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ni a ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Ṣùgbọ́n a máa ń ka ìtàn náà bí ẹni pé kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a fẹ́ bi ara wa léèrè lóṣù yìí: bí a kò bá gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ọdún mélòó ni ìbá fi sìn?

Ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́ nígbà náà. Àwọn Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹrú tí ó darapọ̀ mọ́ wọn ni ó kọlu ìlú náà. Ní Ìṣẹ́yìn a fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ibẹ̀ ó ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Níbẹ̀ ni a gbé kó 187 ènìyàn, òun pẹ̀lú, sínú Esperanza Felix, ọkọ̀ àwọn Pọtugí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, mú ọkọ̀ náà, a sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ẹlòmíràn yóò wí pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1807 ni ó tú wọn sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin náà dè, àwọn tí ọkọ̀ tiwọn gan-an ti kó ẹrú lọ́pọ̀ yanturu ṣáájú ìgbà náà. Àdéhùn 1815 àti 1817 ni ó fún wọn ní àṣẹ lórí ọkọ̀ Pọtugí. Àdéhùn yìí ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún Pọtugí ní apá àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ó fi apá gúúsù sílẹ̀ fún wọn. Èkó wà ní àríwá ìlà náà. Ìbá ṣe pé Lùáńdà ni a ti kó Àjàyí, àwọn ọkọ̀ ogun náà kì bá tí ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró. Ẹ wo bí òmìnira ènìyàn ti rọ̀ mọ́ ìlà tí ojú kò rí!

Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà gbé e dé Bahia, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú oko ẹrú. Níbẹ̀ a kò fi òpin sí ẹrú títí di 1888, èyíinì ni ọdún 66 lẹ́yìn 1822. Àjàyí kú ní 1891. Bí kò bá ra ara rẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí díẹ̀ nínú àwọn Àgùdà Èkó ti ṣe, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ayé rẹ̀ ni ìbá fi sìn.

Síbẹ̀ kí a má ṣe fi gbogbo ìyìn fún àwọn ọkọ̀ ogun. Láàárín bí ọgọ́ta ọdún, wọ́n mú nǹkan bí 1,600 ọkọ̀, wọ́n sì gba nǹkan bí 150,000 ènìyàn sílẹ̀. Àwọn tí ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Nígbà tí Brazil fúnra rẹ̀ ṣe òfin ní 1850 ni ọjà ibẹ̀ tó tú. Ti Kúbà sì wà títí di nǹkan bí 1867. Ní tiwa, a gbà pé òǹrajà ni ó ń mú kí ọdẹ ènìyàn máa rìn.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ ẹrú kò wá mọ́, òwò epo dé, epo sì ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò ṣe é àti orí tí yóò rù ú. Ogun kò sì dáwọ́ kíkó ènìyàn dúró títí di 1893. Àwọn Kristẹni pàápàá ní ẹrú àti ìwọ̀fà: nígbà tí James Johnson ń bójú tó ìjọ Abẹ́òkúta, ó pàṣẹ kí wọ́n tú ẹrú wọn sílẹ̀, wọ́n sì dìde sí i, ní 1880 a mú un kúrò níbẹ̀. Ní Àríwá, òfin tí ó sọ gbogbo ẹrú di òmìnira kò jáde títí di 1936, ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn ti Brazil.