Wolé-wolé àti Amù Omi Wa

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ mọ ìtàn wolé-wolé. Bí aṣọ káákì rẹ̀ bá ti yọ ní ìkòríta, ariwo ti sọ. Ìyá kan ń gbálẹ̀, èkejì ń da omi amù nù. Tanwíjí ni wolé-wolé ń wá. Bí ó bá rí i, onílé lè dé kóòtù, kí ó sì san owó ìtanràn.

Inú bí àwọn èèyàn wa. “Omi tí mo fi orí rù láti odò, kí ló kan ìjọba níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú amù. Ọmọ ẹ̀fọn ni tanwíjí. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, á hu ìyẹ́, á fò lọ. Ẹ̀fọn tí ó fa ibà tí gbogbo wa mọ̀ fẹ́ràn adágún omi ìta. Irú mìíràn ni ó fẹ́ràn amù, agolo àti korobá. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, èyí tí ó ń mú ojú àti ìtọ̀ pọ́n. Ẹ̀fọn tí a bí nínú amù tiwa lè lọ jẹ ọmọ aládùúgbò. Ohun tí ó kan ìjọba nìyẹn.

Ibà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1927, Dókítà Adrian Stokes ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Èkó. Ibà náà ló pa á. Ọdún 1937 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó jáde.

Ṣùgbọ́n dída omi nù nìkan kò tó! Ẹyin ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ara amù. Ó lè gbẹ fún oṣù mélòó kan, kí ó sì tún pa bí a bá pọn omi tuntun sí i. Kànrìnkàn ni kí á fi ha inú amù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí á sì dé e dáadáa.

Òfin ìlera ìlú ti wà ní Nàìjíríà láti 1917, ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í fọ amù. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole ló dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábà, tí a ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ wolé-wolé. A kò ní sọ pé gbogbo wolé-wolé ló mọ́ lọ́wọ́ o. Láti 2002, òfin ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì fi ọjà, ibi ìpẹran àti kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ga bí òkè lẹ́yìn ọjà Ṣágámù, àwa náà lè lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí á béèrè ìgbà tí wọn yóò kó o.